Ẹ Má Jẹ́ Kí Ogún Ọmọ Yín Di Owó Tí Kò Lólówó

Ọ̀pọ̀ nínú wa kì í fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ikú rárá. Nítorí èyí, àwọn opó kan ń jìyà nígbà tí owó tiwọn wà níbì kan.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ṣiṣẹ́ ní New York fún ọdún púpọ̀. Ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ mẹ́ta wà níhìn-ín ní Ọ̀wọ̀. Nígbà tí ó sùn nínú Olúwa, kò sí ẹni tí ó mọ̀ pé ó ní ìwé adójútòfò lórí ẹ̀mí ara rẹ̀. Gàrí ni ìyàwó rẹ̀ ń tà fi bọ́ àwọn ọmọ. Ó lé ní ọdún 5 kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó kó ẹrù rẹ̀ wálé. Inú ẹrù náà ni a ti rí ìwé yìí. A kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ náà, wọ́n ní owó ti kúrò lọ́wọ́ àwọn. Ìyàwó bú sẹ́kún.

Ṣùgbọ́n owó náà kò sọnù. Ní New York, bí ilé iṣẹ́ adójútòfò bá mọ̀ pé ẹni náà ti kú, tí ẹnikẹ́ni kò sì béèrè owó náà fún ọdún 3, òfin á kà á sí owó tí a ti pa tì. Ilé iṣẹ́ kò gbọdọ̀ sọ ọ́ di tirẹ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ ni yóò kó o fún. Ìgbàkúùgbà tí àjogún bá dé, yóò gbà á. A fi ìwé ẹ̀rí ikú àti ti ìgbéyàwó ránṣẹ́, owó sì dé. Ṣùgbọ́n àkọ́bí ti fi ilé ìwé sílẹ̀ lọ kọ́ṣẹ́ ná.

Ẹ má rò pé òkè òkun nìkan ni. Nílé wa níbí, òfin ìṣúná ọdún 2020 ní kí èrè ṣíà tí a kò gbà fún ọdún 6 bọ́ sí àpò ìjọba àpapọ̀. Ní 2024, Báńkì Àpapọ̀ pàṣẹ pé kí àwọn báńkì kó owó àkáǹtì tí a kò fọwọ́ kàn fún ọdún 10 wá sọ́dọ̀ òun. Olówó tàbí àjogún lè gbà á padà. Ṣùgbọ́n ta ni yóò béèrè ohun tí kò mọ̀?

Ẹ̀yin ọkọ, ẹ̀yin aya, ẹ kọ orúkọ báńkì yín, nọ́ńbà àkáǹtì, ìwé ṣíà àti ti adójútòfò sílẹ̀, kí ẹ sì fi ibi tí ẹ tọ́jú rẹ̀ sí han ara yín. Bí ẹ bá kó kúrò nílé, ẹ fi àdírẹ́sì tuntun ránṣẹ́ sí wọn. Olúwa yóò fi ẹ̀mí gígùn jíǹkí wa. Kíkọ ìwé sílẹ̀ kì í pa ènìyàn.