Nígbà Tí A Lọ sí Gberefu

Orí omi la gbà dé Èkó nígbà náà, àwa ọ̀dọ́ ìjọ láti Oríòkè-Ìwàmímọ́ ní ilẹ̀ Ìlàjẹ. Ọkọ̀ ẹ̀ńjìnnì tó gbé wa kún fún edé gbígbẹ débi pé orí àpò la jókòó sí. Láti Èkó la wọ mọ́tò lọ sí Àgbádárìgì.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn ajíhìnrere CMS kọ́ ní 1845 ni wọ́n kọ́kọ́ mú wa lọ wò, èyí tí wọ́n ní òun ni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Mo fọwọ́ kan ògiri rẹ̀ títí. Inú ilé pákó orí omi ni wọ́n bí mi sí. N kò rí ilé tó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Lẹ́yìn náà la sọdá ọ̀sà sí erékùṣù Gberefu. Ẹ̀yin ọmọ mi, ibẹ̀ rẹwà! Igi àgbọn, iyanrìn funfun, afẹ́fẹ́ òkun, kò sì sí ariwo ọjà kankan. Ọ̀nà tí a ń tọ̀ yẹn gan-an ni wọ́n fi kó àwọn ẹrú dé etí òkun. Wọ́n fi kànga kan hàn wá lójú ọ̀nà. Wọ́n ní ẹni tó bá mu omi rẹ̀ a gbàgbé ilé. Ìyá Ìjọ wa kò lè rìn mọ́. Ó kúnlẹ̀ sínú iyanrìn, ó bú sẹ́kún, gbogbo wa sì kúnlẹ̀ tì í.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí etíkun tiwa. Ní 1885, ilé-iṣẹ́ Gaiser ti Jámánì bá Amapetu, ọba Mahin, dá májẹ̀mú lórí etíkun wa, kí ẹrù wọn lè wọlé láìsan owó-bodè fún Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó. Ọdún náà kò parí tí Jámánì fi yọ̀ǹda ibẹ̀ fún Gẹ̀ẹ́sì. Ìtàn ńlá ni, ṣùgbọ́n ògiri wo ni ọmọ Ìlàjẹ máa fọwọ́ kàn? Òkun kì í fi nǹkan sílẹ̀ fún wa. Ayétòrò tiwa tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947, ẹ wo iye ilé tí omi ti gbé lọ níbẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀ yín. Ẹni tó bá ní fóònù nínú yín, kó tọ àwọn àgbà Mahin àti Ugbo lọ, kó gba ohùn wọn sílẹ̀. Ẹ béèrè ibi tí ọkọ̀ àwọn Jámánì yẹn gúnlẹ̀ sí, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn tọ́ka ibẹ̀ sí yín.