Láti Ọ̀rẹ̀ Dé Ayétòrò: Ojú Ọ̀run Ni Atukọ̀ Ń Wò

Ẹni tó bá ra ẹja Ìlàjẹ lọ́jà Ọ̀rẹ̀ tàbí Odígbó, kó rántí pé òjò àti oòrùn ti rí ẹja náà kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Láti Ọ̀rẹ̀, mọ́tò á gba Òkìtìpupa dé Igbókòdá. Ibẹ̀ lèrò Ayétòrò ti ń bọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi. Bó bá jẹ́ ọkọ̀ alájẹ̀ tí kò ní ẹ́ńjìnnì, ìgbádùn ńlá ni. Láàárọ̀, omi á tẹ́jú bíi dígí. Bí oòrùn bá mú, ilẹ̀ á gbóná ju òkun lọ, atẹ́gùn tútù á sì máa fẹ́ bọ̀ láti òkun. Ara á tu èrò pẹ̀sẹ̀, ẹlòmíì á tilẹ̀ dá orin.

Ṣùgbọ́n atukọ̀ kì í gbàgbé ìlà oòrùn. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìjì ti ń bọ̀, pàápàá níbẹ̀rẹ̀ àti ìparí àsìkò òjò. Ojú ọ̀run á ṣú dẹ̀dẹ̀, atẹ́gùn á dákẹ́, àfi gbàù! Atukọ̀ tó gbọ́n á ti forí lé èbúté. Ìyá ẹlẹ́ja tó ń kánjú lè bínú o, àmọ́ ẹja tó pẹ́ dọ́jà sàn ju ọkọ̀ tó dojú dé lọ.

Bí òjò bá dá, tí òṣùmàrè yọ, ojú kì í fẹ́ kúrò níbẹ̀. Síbẹ̀, òkun tó ń fi atẹ́gùn tútù ránṣẹ́ yẹn náà ló ti gbé ọ̀pọ̀ ilé lọ ní Ayétòrò, ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947. Ẹni tó bá mọ ìwà omi ló ń jẹ adùn rẹ̀.