Kí Ọmọ Tó Kó Kúrò ní Họ́sítẹ́ẹ̀lì

Ní ṣọ́ọ̀bù ìyá wa ní Okaishie, láàárín páálí oògùn àti ariwo àwọn kayayei, la ti jókòó ṣírò owó ilé-ìwé àbúrò wa. Ó fẹ́ kúrò ní họ́sítẹ́ẹ̀lì fásitì. Yàrá ìta kọjá agbára wa: òfin 1963 ní onílé ní Ghana kò gbọdọ̀ béèrè ju owó oṣù 6 lọ ṣáájú, síbẹ̀ ti ọdún 2 ni ọ̀pọ̀ ń gbà. A ní kó máa ti ilé lọ, kí owó yàrá lè ṣẹ́kù.

Àṣé owó yàrá tó wà nínú owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀, ilé-ìwé ni wọ́n ń san án fún tààrà. Bó ṣe kó jáde, owó náà dúró. Owó trotro ojoojúmọ́ sì bọ́ sọ́rùn ìyá wa. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́ wa jẹ. Àwa ni a kò béèrè.

Ètò ẹ̀yáwó NELFUND ní Nàìjíríà ya tirẹ̀ sọ́tọ̀: owó ilé-ìwé ń lọ sí àpò ilé-ìwé, ₦20,000 oṣooṣù fún àtijẹ sì ń lọ sí àkáǹtì akẹ́kọ̀ọ́ tó bá tọrọ rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, kí ọmọ tó dá kọ́kọ́rọ́ padà, ẹ béèrè: èwo nínú owó yìí ló so mọ́ bẹ́ẹ̀dì, èwo ló so mọ́ ọmọ?