Ẹ Kọ́kọ́ Bi Í Léèrè Ohun Tó Lé E

Ní alẹ́ ọjọ́ 14, oṣù kẹrin, ọdún 2022, díẹ̀ ló kù kí èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi sùn láì kí ara wa pé ó dàárọ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹbí. Ọ̀rọ̀ ìjọba ni. Ní ọjọ́ náà ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí Boris Johnson jẹ́ olórí rẹ̀, kéde pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó bá gba ẹ̀bùrú wọ Ìlú Ọba láti wá tọrọ ààbò, Rwanda ni wọn yóò máa kó wọn lọ. A ń wo ìròyìn náà nínú ilé wa ní London, àwọn ọmọ ti sùn, mo sì ń ṣa ẹ̀wà tí a ó sè ní ọjọ́ kejì. Mi ò tilẹ̀ gbé orí sókè tí mo fi sọ pé: “Ó dára bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n máa kó wọn lọ.”

Ọkọ mi yíjú sí mi. Ó ní: “Ìwọ? Ìwọ tí o jẹ́ àlejò bíi tiwọn?”

Mo ní: “Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe bíi tiwọn. Ẹnu ọ̀nà ni mo gbà wọlé.”

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ má tíì dá mi lẹ́bi. Ọdún 2019 ni mo dé ìlú yìí gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́. Kí n tó wọ ọkọ̀ òfuurufú, bàbá mi ti ta ilẹ̀ kan ṣoṣo tí ó ní ní ẹ̀yìn ìlú Ògbómọ̀ṣọ́. Mo san owó físà, mo san owó ìtọ́jú ìlera tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àlejò, mo ṣe àyẹ̀wò ikọ́ ife, mo kó ìwé ilé ìfowópamọ́ kalẹ̀ bí ẹni tó ń jẹ́jọ́. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, àyà mi ṣì máa ń já bí ìwé ìgbélùú mi bá ti ń súnmọ́ òpin. Ẹni tó bá ti la irú èyí kọjá, inú rẹ̀ kò ní ṣàì ru nígbà tí ó bá rí àwọn tó wọ ọkọ̀ onírọ́bà láti etíkun Faransé, tí ìjọba sì fi wọ́n sí òtẹ́ẹ̀lì. Èrò mi nìyẹn, kì í sì í ṣe èmi nìkan. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní ibi àríyá, ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó wà níbí ló ń sọ bẹ́ẹ̀ ní ohùn jẹ́jẹ́.

Ní ọjọ́ Sátidé, a pe bàbá mi lórí fóònù kí ó bá wa dá sí i. Mo rò pé ẹ̀yìn mi ni yóò wà, ilẹ̀ rẹ̀ la ṣáà tà. Ó gbọ́ tẹnu mi, ó gbọ́ tẹnu ọkọ mi, ó wá béèrè ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: “Kí wọ́n tó kó wọn lọ síbẹ̀, ṣé wọn yóò kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè ohun tó lé wọn wá?”

Èmi kò mọ̀. Ọkọ mi náà kò mọ̀.

Bàbá ní: “Ẹ lọ wádìí. Ẹnìkan kì í déédéé sáré nínú ẹ̀gún. Bí kò bá lé ejò, ejò ní ń lé e. Ẹni tí kò bá tíì béèrè èwo ni nínú méjèèjì, ẹjọ́ kò tíì tó o dá.”

Mo wádìí, ohun tí mo rí sì yà mí lẹ́nu. Mo ti rò pé wọn yóò kàn máa dúró de èsì ní Rwanda ni, pé ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá jẹ́ òótọ́ yóò padà wá sí Ìlú Ọba. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò ní gbọ́ ẹjọ́ wọn. Rwanda ni yóò gbọ́ ọ, bí ẹni náà bá sì jàre, Rwanda náà ni yóò máa gbé. Ìlú Ọba yóò san owó, ọ̀rọ̀ á tán. Ó dà bí ìgbà tí àlejò bá kan ilẹ̀kùn ẹni lóru, tí a kò bi í pé kí ló dé, tí a wá fún ará ilé kejì lówó pé kí ó mú un lọ.

Síbẹ̀, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, òṣìkà ènìyàn ni. Àwọn tó gbé ètò náà kalẹ̀ ní ẹjọ́ tiwọn láti rò. Ní ọjọ́ 24, oṣù kọkànlá, ọdún 2021, ọkọ̀ onírọ́bà kan rì sínú omi tó wà láàárín Faransé àti Ìlú Ọba. Ó kéré tán, ènìyàn 27 ló kú sínú omi náà. Ní ọdún 2022 nìkan, àwọn tó gba ojú omi yẹn wọlé lé ní 45,000. Owó gọbọi ni àwọn onífàyàwọ́ tó ń kó wọn ń gbà, yálà wọ́n gúnlẹ̀ tàbí wọn kò gúnlẹ̀. Ìjọba ní bí àwọn ènìyàn bá mọ̀ pé Rwanda ni ìrìn àjò náà yóò parí sí, wọn kò ní fi ẹ̀mí wéwu mọ́, ọjà àwọn onífàyàwọ́ yóò sì kú. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ẹni tó bá sì ń sọ̀rọ̀ Rwanda bí ẹni pé ìlú tí ènìyàn kò lè gbé ni, òun náà kò ṣe òótọ́, nítorí orílẹ̀-èdè náà ti gba ọ̀pọ̀ ogúnléndé láti Kóńgò àti Bùrúńdì. Bí mo ṣe ń rò ó sí ọ̀tún ni mo ń rò ó sí òsì.

Nínú oṣù kẹfà ọdún náà ni ọ̀rọ̀ tí mò ń wò lórí ẹ̀rọ wá bá mi lójúkojú. Mo máa ń bá wọn pín oúnjẹ ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan ní òwúrọ̀ Sátidé. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà, ọmọ Darfur ní ilẹ̀ Sudan, tó máa ń wá gba ìrẹsì àti ẹ̀wà inú agolo. Ní ọjọ́ kan, ó mú lẹ́tà kan jáde nínú àpò rẹ̀. Ó ti ká a, ó ti tú u, títí ojú ibi tó ká fi fẹ́ ya. Lẹ́tà ìjọba ni, ó ń sọ fún un pé wọ́n ń gbèrò àtigbé e lọ sí Rwanda. Ó wò mí, ó ní: “Àǹtí, ọmọ Áfíríkà ni yín. Báwo ni Rwanda ṣe rí?”

Mi ò dé Rwanda rí. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí mo dàgbà sí, mo gbọ́ orúkọ London ní ẹgbẹ̀rún ìgbà kí n tó gbọ́ Kigali lẹ́ẹ̀kan. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú agolo ẹ̀wà lọ́wọ́, ojú sì tì mí. Mo wá bi í ní ìbéèrè bàbá mi: “Kí ló lé ọ kúrò nílé?”

Ó dákẹ́ pẹ́. Ó ní àwọn òṣìṣẹ́ ti béèrè orúkọ òun àti ọ̀nà tí òun gbà wọlé, wọ́n ti tẹ ìka òun, ṣùgbọ́n àwọn tó jókòó láti gbọ́ ìtàn òun kò ju méjì lọ: èmi, àti obìnrin tó ń fọ ilẹ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi òun sí. Ohun tó sọ fún mi kì í ṣe tèmi láti tú síta. Ó tó kí n sọ pé ejò ló ń lé e.

Ní ọjọ́ 14, oṣù kẹfà náà, ọkọ̀ òfuurufú àkọ́kọ́ ti wà ní sẹpẹ́ nígbà tí ilé-ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti ilẹ̀ Yúróòpù dá sí i, kò sì gbéra. Ẹjọ́ wá ń lọ, ẹjọ́ ń bọ̀. Ilé-ẹjọ́ gíga ní ètò náà bófin mu, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní kò bófin mu. Ní ọjọ́ 15, oṣù kọkànlá, ọdún 2023, adájọ́ márùn-ún ti Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ fi ohùn kan sọ pé kò bófin mu. Ẹ jẹ́ kí ó yé wa dáadáa: wọn kò sọ pé ìjọba kò lè gbé ẹnikẹ́ni lọ sí orílẹ̀-èdè kẹta láéláé. Ohun tí wọ́n sọ ni pé ewu wà pé Rwanda lè ṣi ẹjọ́ náà dá, kí àwọn ènìyàn sì bá ara wọn padà lọ́wọ́ ohun tí wọ́n sá fún. Ìjọba Rishi Sunak kò gbà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, wọ́n ṣe òfin tó pàṣẹ pé kí a gbà pé Rwanda jẹ́ ibi ààbò. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín, ó ní bí òjò bá ń rọ̀, òfin kò lè sọ ilẹ̀ di gbígbẹ. Ní oṣù keje, ẹgbẹ́ Labour wọlé, Keir Starmer sì fagi lé ètò náà. Ìjọba tuntun ní owó tó ti bá a lọ tó 700 mílíọ̀nù pọ́n-ùn. Ènìyàn mẹ́rin péré ló dé Rwanda, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì fínnúfíndọ̀ lọ.

Kérésìmesì ọdún yẹn ni mo lọ sílé, sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ̀rọ ìránṣọ Singer tí màmá mi fi rán aṣọ títí mo fi jáde ìwé ṣì wà ní igun yàrá. Mò ń nù ún nígbà tí bàbá mi sọ ohun tí kò sọ fún mi rí.

Tamale ní ilẹ̀ Gánà ni wọ́n bí i sí. Ìyá rẹ̀ ń ta aṣọ ní ọjà ibẹ̀, bí ọ̀pọ̀ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ṣe ń ṣòwò káàkiri Gánà láyé ìgbà náà. Ní ọjọ́ 18, oṣù kọkànlá, ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí ó fi ìlú sílẹ̀. Bàbá mi jẹ́ ọmọ ọdún 14. Ó ní àwọn oníbàárà ìyá òun gan-an ló wá ra ọjà náà, wọ́n sì ń ná an ní ìnákúnàá, nítorí wọ́n mọ̀ pé ọkọ̀ ń dúró. Wọ́n gba Tógò àti Dahomey, tí a ń pè ní Benin lónìí, kọjá. Ó ní: “Ilé tí wọ́n ní kí n máa lọ, mi ò dé ibẹ̀ rí. Àwọn ará àdúgbò ń pè mí ní ọmọ Gánà títí mo fi gbéyàwó.”

Ó wá na ọwọ́ sí ẹ̀rọ náà. Ní oṣù kìíní ọdún 1983, ìjọba Shehu Shagari fún àwọn àlejò tí kò níwèé ní ọ̀sẹ̀ méjì láti kúrò ní Nàìjíríà. Àwọn ọmọ Gánà ló pọ̀ jù nínú wọn, ìgbà náà sì ni àpò Ghana-Must-Go gba orúkọ tí a ń pè é títí di òní. Ìbàdàn ni bàbá mi ń gbé. Télọ̀ kan tó jẹ́ ọmọ Gánà, tí wọ́n jọ ń gbé àdúgbò, gbé ẹ̀rọ rẹ̀ wá.

Bàbá mi ní: “Mo ná an. Ó dá iye kan, mo ní kí ó gba ìdajì. Ó gbà, mo tún dín in kù. Èmi tí mo wà ní Tamale, tí mo rí ohun tí wọ́n ṣe fún ìyá mi, mo ná an. Mi ò sì bi í pé níbo ni yóò sùn lálẹ́ ọjọ́ náà.”

Mi ò rí ọ̀rọ̀ sọ. Ẹ̀rọ yẹn ló san owó ilé ìwé mi. Títí di òní, bàbá mi kò jẹ́ kí wọ́n tà á, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún lò ó.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, òun ló pè mí. Ààrẹ Gánà, John Mahama, ti kéde pé ènìyàn 14 tí Amẹ́ríkà lé jáde ti balẹ̀ sí Gánà, ọmọ Nàìjíríà sì wà nínú wọn. Àwọn agbẹjọ́rò wọn ní ilé-ẹjọ́ Amẹ́ríkà ti sọ pé kí a má dá àwọn kan nínú wọn padà sí ìlú wọn nítorí ewu, pé orílẹ̀-èdè kẹta ni wọ́n fi yí àṣẹ náà po. Bàbá mi rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rín ayọ̀. Ó ní: “Gánà tó lé wa ni wọ́n wá ń kó ọmọ Nàìjíríà lọ. Kò sí ìlú tí kì í lé ènìyàn, kò sì sí ìlú tí a kì í lé ọmọ rẹ̀.”

Níbo ni mo wá dúró? Mi ò sọ pé kí ilẹ̀kùn Ìlú Ọba wà ní ṣíṣí gbayawu. Ìlú tó bá gbọ́ ẹjọ́ àlejò tán, tó sì rí i pé kò sí ejò tó ń lé e, ní ẹ̀tọ́ láti dá a padà sílé. Owó tí mo san ṣì ń dùn mí. Ṣùgbọ́n mo ti wá mọ̀ pé àwọn tó gba owó náà ni mò ń bá bínú, mo kàn wá ẹni tí kò lè fèsì gbé ìbínú náà lé lórí ni. Nígbà tí ọmọ mi obìnrin béèrè láìpẹ́ yìí pé ìhà wo ni kí òun gbè nínú àríyànjiyàn ilé ìwé wọn lórí ọ̀rọ̀ yìí, mo ní èyí tó bá wù ú ni kí ó gbè, bí ó bá ti lè dáhùn ìbéèrè bàbá ìyá rẹ̀ tí í ṣe bàbá mi: ta ni yóò bi wọ́n léèrè, nígbà wo sì ni?

Ọ̀dọ́mọkùnrin Darfur yẹn ti gba ìwé ìgbélùú báyìí, ó sì ti ń ṣiṣẹ́. Ọdún mẹ́ta ló fi dúró, nítorí ìgbà tí ètò Rwanda wó ni wọ́n tó gbé fáìlì rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo rántí jù kì í ṣe ọjọ́ tí ìwé náà jáde. Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀lé ọjọ́ tí wọ́n pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ni. Kò tíì mọ èsì nígbà náà. Mo bi í pé báwo ló ṣe lọ. Ó ní wákàtí mẹ́rin ni wọ́n lò.

Ó ní: “Wọ́n bi mí léèrè, Àǹtí.” Ó sì gba agolo ẹ̀wà rẹ̀, ó ń lọ.