Ohun Tí Àwòrán Òfurufú Kò Mọ̀ Ní Rẹ́mọ

Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ rí àwòrán ilẹ̀ Rẹ́mọ tí sátẹ́láìtì yà lè rò pé iná ń jó láti Ṣágámù dé Ìkẹ́nnẹ́. Ibi tí ó mọ̀ sí ewéko tútù ni ó pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, ìlú fúnra rẹ̀ sì dà bí eérú. Kò sí àṣìṣe níbẹ̀. Ewé tútù a máa ta irú ìmọ́lẹ̀ kan padà sókè tí ojú ènìyàn kò lè rí. Sátẹ́láìtì a gbà á, àwọn onímọ̀ a sì fi àwọ̀ pupa dípò rẹ̀. Páànù, ọ̀dà títì àti ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú kì í ta á padà tó bẹ́ẹ̀. Ibi tí pupa bá ti ń ṣá lọ́dọọdún, ewé ni ó ń kúrò níbẹ̀.

Ní 1972 ni Amẹ́ríkà fi Landsat àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí òfurufú. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà ni òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn parí, ní 1978, ọdún kan náà tí ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì Ṣágámù bẹ̀rẹ̀. Láti 2008 sì ni àwòrán wọ̀nyí ti di ọ̀fẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Akẹ́kọ̀ọ́ girama kan ní Ìkẹ́nnẹ́ lè tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn, kí ó wo Yunifásítì Babcock tí ó dìde ní Ìlíṣàn ní 1999, àti ilà gbọọrọ pápákọ̀ òfurufú láàárín Ìlíṣàn àti Ìpẹru, níbi tí ọkọ̀ òfurufú ti kọ́kọ́ balẹ̀ ní 2022. Kí ó ṣáà fi àwòrán ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wé ti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Lásìkò òjò, ìkùukùu a bo ilẹ̀, koríko a sì mú kí ibi tí wọ́n ti gé igi kúrò tún pọ́n.

Ṣùgbọ́n obì ni ọ̀rọ̀ wà. Obì ni ó kó àwọn oníṣòwò Hausa wá sí Sábó ní Ṣágámù, òun ni ó sì rán ọ̀pọ̀ ọmọ Rẹ́mọ nílé ìwé. Igi obì tí ó ti dàgbà a máa forí kanra, yóò ṣíji bo ilẹ̀ gẹ́gẹ́ bí igbó. Láti 1982, ibi tí ó kéré jù tí Landsat lè dá mọ̀ fẹ̀ tó mítà 30, ó sì gùn tó mítà 30. Ní irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀, oko gbànja àti igbó kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ojú tí ó ga tó bẹ́ẹ̀, kò mọ obì yàtọ̀ sí ìrókò! Kọ̀ǹpútà yóò kọ “igbó” sí ibi tí bàbá àgbà ẹnìkan gbìn, tí ó ro, tí ó fi dógò, tí ó rà padà, tí ó sì pín fún àwọn ọmọ rẹ̀.

Àṣìpè yìí lè di gbèsè sọ́rùn ẹbí. Gẹ́gẹ́ bí Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978, bí ìjọba bá gba ilẹ̀, owó ilé àti owó irè oko ni olóko lè retí. Ní ti ilẹ̀ fúnra rẹ̀, kò ju iye owó ìlò tí ó san lórí rẹ̀ lọ́dún náà. Ta ni yóò wá san owó igi obì lórí ilẹ̀ tí àwòrán pè ní igbó?

Pẹ̀rẹ̀gún tí ó pààlà oko náà tẹ́ẹ́rẹ́ ju ohun tí Landsat lè rí. Àgbẹ̀ tí ó ti ń ká obì níbẹ̀ láti kékeré mọ igi tí bàbá rẹ̀ gbìn yàtọ̀ sí èyí tí ó lalẹ̀ hù. Òun ni ó yẹ kí ayàwòrán ilẹ̀ mú àwòrán rẹ̀ tọ̀ lọ, kí wọ́n jọ rin oko náà já, kí wọ́n sì kọ “oko obì” rọ́pò “igbó” kí katakata tó dé.