Ẹ Má Tíì Ta Ilẹ̀ Ọbáńtokò

Manchester, Ìlú Ọba.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Mo gbọ́ pé ẹnì kan ní kí ẹbí ta ilẹ̀ wa tó wà ní Ọbáńtokò, kí ẹ fi owó rẹ̀ gbé Bàbá lọ gba abẹ́rẹ́ stem cell tí wọ́n pò mọ́ èròjà tó ń mú sẹ́ẹ̀lì dàgbà, pé rọpárọsẹ̀ tó ń ṣe é yóò pòórá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì tà á.

Òótọ́ ni pé ìwádìí náà wà. Stem cell jẹ́ sẹ́ẹ̀lì tó lè yí padà di oríṣi mìíràn, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn ló máa ń kú bí wọ́n bá ti dé inú ọpọlọ tó ti bàjẹ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ fi ń fi èròjà bíi BDNF àti VEGF tì wọ́n lẹ́yìn, kí sẹ́ẹ̀lì lè dúró, kí iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun sì lè hù. Lára eku, ó ti ṣiṣẹ́.

Ti ènìyàn kò rí bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 2016, àwọn dókítà Stanford ní Amẹ́ríkà ròyìn aláìsàn 18 tí wọ́n fi sẹ́ẹ̀lì sí lọ́pọlọ. Ara àwọn kan yá sí i. Nígbà tí wọ́n dán an wò lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, tí wọ́n fi àwọn tó gbà á wé àwọn tí kò gbà á, àǹfààní tí wọ́n ń retí kò hàn. G-CSF, òmíràn nínú èròjà tó ń mú sẹ́ẹ̀lì dàgbà, tí wọ́n lò láìsí stem cell, náà kò ran aláìsàn 328 lọ́wọ́ nínú ìwádìí tó jáde lọ́dún 2013.

Ewu tún wà ńbẹ̀. Ará Amẹ́ríkà kan, ọmọ ọdún 66, gba irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Ṣáínà, Argentina àti Mexico nítorí rọpárọsẹ̀. Kókó hù sí mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kú. Sẹ́ẹ̀lì ẹlòmíràn ni wọ́n bá nínú kókó náà.

Ẹ jẹ́ kí Bàbá máa lọ sọ́dọ̀ àwọn físíò ní ilé ìwòsàn FMC Ìdí-Abà, kí ó má pa ọjọ́ kankan jẹ. Nílé, ẹ da ẹ̀wà sórí àtẹ níwájú rẹ̀, kí ó máa fi ọwọ́ tí kò lágbára yẹn ṣà á sínú ife ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

Ẹ má jẹ́ kí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tán nílé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Mayọ̀wá Owólabí ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ alárùn rọpárọsẹ̀ 2,118 wò ní Nàìjíríà àti Ghana. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ṣíwájú gbogbo ohun tó ń fà á. Iyọ̀ tí a ń bù sí oúnjẹ tó ti jinná wà níbẹ̀, àìjẹ ewébẹ̀ náà sì wà níbẹ̀. Ẹ gbé iyọ̀ kúrò lórí tábìlì, kí ẹ̀fọ́ pọ̀ nídìí láfún Bàbá.

Bí ẹni yẹn bá padà wá, ẹ ní kí ó kọ orúkọ ìwádìí náà àti nọ́ńbà tí wọ́n fi forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ìwádìí gidi kì í sábà gbowó lọ́wọ́ aláìsàn. Ẹ fi ohun tó bá kọ ránṣẹ́ sí mi kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ síwèé.

Àbúrò yín ni.