Ohùn Tó Dé Ẹ̀yìn Gbọ̀ngàn

Ọmọbìnrin kan tí a jọ wà ní lókéṣàn ní Abẹ́òkúta láìpẹ́ yìí bi mí ní ìbéèrè kan. Ó ní, "Màámi, ẹ má bínú o. Wọ́n ní ẹ ti gbe orin lẹ́yìn eléré jùjú rí, wọ́n ní ohùn yín ló wà nínú ìpolówó ọṣẹ ní rédíò, wọ́n tún ní ẹ ń gé fídíò. Iṣẹ́ wo gan-an lẹ kọ́?" Mo ní tíátà ni. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ìdáhùn náà kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Kì í ṣe òun nìkan ló ń bi mí bẹ́ẹ̀, ó ti pẹ́ táwọn ẹgbẹ́ mi ti ń pè mí ní aláìdúró-síbìkan. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí.

N kò ní fi ìtàn àtijọ́ dá yín dúró. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ti kọ̀wé nípa àwọn ará ilé Ológbòjò àti eégún apidán láàfin Ọ̀yọ́, kò sì sẹ́ni tí kò mọ̀ pé ọlọ́pàá ni Hubert Ògúǹdé nígbà tó gbé eré rẹ̀ àkọ́kọ́ lọ sí Glover Hall l'Ékòó ní 1944. Nígbà tí èmi fi máa gbọ́njú l'Óṣogbo, iṣẹ́ náà ti gbilẹ̀. Kọ́lá Ògúnmọ́lá ti fi ìwé Amos Tutùọlá ṣe eré Ọ̀mùtí ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1963. Dúró Ládiípọ̀ ti gbé Ọba Kò So dé Berlin ní 1964, lọ́dún tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fòfin de ẹgbẹ́ Ògúǹdé nítorí eré rẹ̀ Yorùbá Ronú. Eré tí ìjọba ń bẹ̀rù, tí òyìnbó ń pàtẹ́wọ́ fún! Síbẹ̀, alágbe ni gbogbo wa lójú bàbá mi. Obìnrin tó bá wá gun ọkọ̀ eléré, orúkọ tó burú ju alágbe lọ ni wọ́n ń fún un, wọn kì í sì í sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀.

Ẹgbẹ́ tí mo wọ̀ ní nǹkan bí 1967 kò lókìkí tó tàwọn tí mo dárúkọ yìí. N kò ní sọ orúkọ ọ̀gá wa, torí ó ti re ibi àgbà ń rè, àwọn ọmọ rẹ̀ sì wà lẹ́nu iṣẹ́ náà. Orúkọ rẹ̀ ló wà lára ọkọ̀, àwòrán rẹ̀ ló wà lára pósítà, ọwọ́ rẹ̀ ni owó gétì ń dé. Àmọ́ ìyàwó rẹ̀ àgbà ló kọ́ mi níṣẹ́. Ìyáálé ni gbogbo wa ń pè é, àtọkùnrin àtobìnrin. Orúkọ yẹn náà ni mo máa pè é níhìn-ín.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń wá wòran nígbà náà á rántí máìkì tó ń rọ̀ láti òkè ìtàgé. Mẹ́ta ni tiwa. Okùn la fi ń so wọ́n mọ́ igi àjà, wọ́n á rọ̀ wálẹ̀ títí wọ́n á fi kù díẹ̀ kí wọ́n kan orí ẹni tó ga jù. Ẹni tó bá fẹ́ kí èrò gbọ́ òun á wá sábẹ́ rẹ̀. Àwọn ọkùnrin a máa fi èjìká ti ara wọn kúrò níbẹ̀. Nígbà mìíràn tẹ́ ẹ bá rí ọba àti balógun tí wọ́n ń fa ara wọn láṣọ, máìkì ni wọ́n ń jà sí. Ìyáálé kì í jẹ́ kí àwa ọmọbìnrin sún mọ́ ọn. Bí a bá ń ṣe rìhásà, á lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó kángun sí ògiri ẹ̀yìn, á mú kọ́ọ̀pù tánganran kan dání pẹ̀lú ṣíbí. Bí ọ̀rọ̀ rẹ kò bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, á fi ṣíbí lu kọ́ọ̀pù. Kì í pariwo, kì í búni. O ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn náà. Bí o bá figbe ta nígbà kejì, á tún lù ú, torí ohùn ló ń wá, kò wá igbe. Ìlà kan péré tí ìránṣẹ́bìnrin ń sọ fún olorì, mo lè máa sọ ọ́ látàárọ̀ títí dìgbà tí wọ́n bá gbé ọbẹ̀ kaná. Àwọn tó kù á ti lọ wẹ̀, èmi àti kọ́ọ̀pù á ṣì wà níbẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan l'Ọ́fà, jẹnẹrétọ̀ kú nígbà tí ọ̀gá ń sọ ọ̀rọ̀ ọba lọ́wọ́. Gbogbo gbọ̀ngàn ṣókùnkùn. Ọ̀gá ń sọ̀rọ̀ nìṣó, àmọ́ ohùn rẹ̀ kò kọjá bẹ́ǹṣì kejì, torí abẹ́ máìkì ló ti ń jayé látọjọ́ yìí wá. Àwọn èrò bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè owó wọn. Ni Ìyáálé bá jáde láti ẹ̀yìn aṣọ, ó gbé oríkì ọba inú eré náà láti inú àyà. Kò sí oríkì kankan níbẹ̀ nínú eré wa. Òun ló fi í síbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò bèèrè owó mọ́. Ó dárúkọ mi nínú òkùnkùn, mo bọ́ síta, mo ń gbè é, a sì gbé eré náà rìn títí wọ́n fi gbé àtùpà gáàsì wá láti ilé ìjọ tó wà nítòsí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo fetí mi gbọ́ tí ọ̀gá ń ṣàlàyé fún àwọn àgbààgbà ìlú bí òun ṣe pa èrò mọ́ra. Ìyáálé ń ká aṣọ eré, kò wí nǹkan kan.

Máìkì tó ń rọ̀ yẹn ti di ohun ìgbàgbé. Èyí tó kéré bí èèpo ẹ̀pà ni wọ́n ń há sí wa láyà báyìí, ẹni tí kò lóhùn náà á sì máa dún bí olóhùn. Mo ń lò ó, ó dára, àmọ́ mo mọ èwo nínú àwọn tí a jọ ń lò ó ló máa dákú bí iná bá lọ.

Iṣẹ́ yẹn gbé mi káàkiri. Kánò, Jọ́ọ̀sì, Kàdúná, Kùtọnù. A dé Kùmásí náà, kí ìjọba Busia tó lé àwọn èèyàn wa kúrò ní Gánà ní 1969. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ẹni tí à ń ṣeré fún níbẹ̀ mọ́. Bí àwọn kan ṣe ń sunkún ilé, inú mi ń dùn pé ìlú tí n kò mọ̀ ló kàn. Ẹni tó bá rìn jìnnà ló ń rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Bí mo ṣe rí nìyẹn, kò sì yí padà.

Nígbà tí wọ́n pè wá sí tẹlifíṣàn WNTV l'Ágodi, ní Ìbàdàn, ẹ̀rù ba àwọn àgbà inú ẹgbẹ́. Ilé iṣẹ́ náà ti ń ṣiṣẹ́ láti October 1959, àwọn èèyàn wa sì ti mọ̀ ọ́n, àmọ́ kámẹ́rà kì í ṣe èrò. Kì í rẹ́rìn-ín, kì í ju owó sí ọ lórí. Oníkámẹ́rà ní kí ọ̀gá rẹ ohùn sílẹ̀, ọ̀gá bínú, ó ní ṣé òkú lòun ni. Èmi fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Mo rí i pé bí mo bá kàn gbójú sókè díẹ̀, ó tó.

Atọ́ka tiẹ̀ tún wá ya gbogbo wa lẹ́nu. Láti 1967 ni ìwé ìròyìn yẹn ti ń gbé eré wa jáde ní fọ́tò, tí ọ̀rọ̀ á máa jáde lẹ́nu wa nínú róbótó funfun. Oníwòrán á ní kí a dúró gbagidi, kí a la ẹnu bí ẹni ń ké. Àwọn tó kù ń lanu lásán. Ìyáálé ń ké ní tòótọ́! Ó ń sọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà síta, tí oníwòrán fi bẹ̀ ẹ́ pé, "Màmá, fọ́tò kì í gbọ́ràn." Ó ní òun mọ̀, àmọ́ ọrùn ló ń sọ̀rọ̀ nínú fọ́tò, ẹni tí kò bá ké, iṣan ọrùn rẹ̀ á sùn. Nígbà tí ìwé jáde, a wò ó. Nínú gbogbo wa, òun nìkan ni èèyàn lè gbọ́.

Ọ̀rọ̀ jùjú tí wọ́n ń sọ kiri, báyìí ló ṣe rí. Ọ̀gá fẹ́ fi mí ṣaya. Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé Ògúǹdé fẹ́ àwọn òṣèré rẹ̀, ìdí rẹ̀ sì yé gbogbo wa: òṣèrébìnrin tó bá rílé ọkọ níbòmíràn, ọkọ á ní kó fi eré sílẹ̀, eré á sì fọ́. Mi ò dá Ògúǹdé lẹ́bi, ó fi orúkọ ìyàwó bo àwọn tí ayé ń bú. Èmi kò kàn fẹ́ ni. Mo ní iṣẹ́ ni mo wá kọ́. Láti ọjọ́ yẹn, ipa tí wọ́n ń fún mi ń kéré sí i, títí mo fi di ẹni tó ń gbé àga wọlé. Ẹgbẹ́ jùjú kan l'Ékòó ń wá obìnrin tó lè gbe orin, mo lọ. Ọ̀gá sọ kiri pé aláìmoore ni mí, pé mo jẹun tán mo fọ́ àwo. Àwo wo? Ọdún mélòó ni mo fi jó opening glee, ijó tí a fi ń ṣí eré, láìgba ju owó ọkọ̀ lọ? Ìyáálé mọ ọjọ́ tí mo máa lọ, òun ló bá mi di ẹrù. Ó ní, "Lọ gbọ́ bí ìlù tiwọn ṣe ń dún." Ọmọ tí olùkọ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀ rán jáde, ta ló lè pè é ní ìsáǹsá?

Mo padà sí ìtàgé pẹ̀lú ẹgbẹ́ mìíràn nígbà tí fíìmù ti ń kóra bọ̀. Ọlá Balógun ti ṣe Àjàní Ògún ní 1976, pẹ̀lú Adé Love àti Dúró Ládiípọ̀ nínú rẹ̀. Ògúǹdé gbé Ayé jáde ní 1979. Láti ìgbà náà, kò sí ọ̀gá kan tí oorun rẹ̀ tún dùn àfi bó bá ní fíìmù tirẹ̀. Wọ́n ta ilẹ̀, wọ́n yáwó. Òkè òkun ni wọ́n ń gbé fíìmù lọ fọ̀, ó wọ́n débi pé téèkì ẹ̀ẹ̀kan la máa ń ṣe, bí ẹ bá ṣìnà, ẹ máa bá a lọ. Mo fẹ́ràn ewu inú rẹ̀.

Àmọ́ ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti korò. Nígbà tí à ń ṣe eré orí ìtàgé, ọgbọ̀n èèyàn lè wà nínú ọkọ̀, gbogbo wọn á sì jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà, bó ti wù kó kéré mọ. Nígbà tí fíìmù dé, gbọ̀ngàn kan náà ni wọ́n ń lò, ìlú kan náà, ìpolówó kan náà, àmọ́ ọ̀gá, ẹni tó mọ ẹ̀rọ àfihàn í yí àti ẹni tó ń gba owó lẹ́nu ọ̀nà ló kù nínú ọkọ̀. Ìjókòó tí onílù ń jókòó sí, ẹ̀rọ ni wọ́n gbé síbẹ̀. Mo wà lójú aṣọ funfun ní Iléṣà, tí èrò ń pàtẹ́wọ́ fún mi, mo sì wà nílé ní Òṣogbo láìgba kọ́bọ̀. Wọ́n máa ń sọ fún yín pé àwọn èèyàn ló kọ ìtàgé sílẹ̀. Irọ́ ni! Ní 1981 ni Ìṣọ̀lá Ògúnṣọlá gbé Ẹfúnṣetán Aníwúrà sí Liberty Stadium n'Íbàdàn, ìta gbangba tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù, èrò sì kún ibẹ̀. Àwọn ọ̀gá ló kọ ìtàgé sílẹ̀, torí fíìmù kì í bèèrè owó oúnjẹ. Àwọn olè tó ń da fíìmù kọ náà kò sì jẹ́ kí wọ́n jèrè rẹ̀. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Bàbá Sàlá aláwàdà lórí fíìmù Ọ̀run Móoru tó ṣe ní 1982, gbogbo ayé ló wò ó, gbèsè ló kù sí i lọ́rùn.

Lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo nǹkan yára. Ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní SAP dé ní 1986, náírà já, fíìmù kò ṣeé rà mọ́, àwọn adigunjalè kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rìnrìn àjò lóru. Fídíò dé. Ògúǹdé kú ní 1990. Mo ṣe ìyá ọkọ burúkú, mo ṣe àjẹ́, mo tún ṣe ìyá ọkọ burúkú. Màkétà kan ní Ìdúmọ̀tà jẹ mí lówó títí dòní. Mo sọ̀rọ̀ ìpolówó ní rédíò, mo kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì níjó. Nígbà tí ojú mi ti ń fẹ́ jígí, mo jókòó ti ọmọdékùnrin kan tó ń gé fídíò, mo kọ́ ọ lọ́dọ̀ rẹ̀, torí pé ó sú mi bí wọ́n ṣe máa ń gé ọ̀rọ̀ mi nígbà tí mo bá ń mí. Ẹni tí Ìyáálé kọ́ mọ̀ pé èémí wà lára ọ̀rọ̀. Àwọn tó dúró sójú kan, tí wọ́n ń pè mí ní aláìdúró-síbìkan, púpọ̀ nínú wọn ń retí ìtàgé tí kò padà wá. Ibi gbogbo tí mo dé, ohùn kan náà ni mo gbé lọ.

Ọmọ mi tó bèèrè, àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹ máa gbìyànjú gbogbo èyí tó bá tuntun, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi ìyẹn bú yín. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ lọ wá ẹni tó máa jókòó sẹ́yìn gbọ̀ngàn fún yín. Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ ní Atọ́ka àtijọ́ nílé, ẹ má jẹ́ kó dé ọwọ́ alákàrà. Orúkọ ọ̀gá nìkan ló máa ń wà lẹ́yìn ìwé náà. Ẹ wo ojú àwọn obìnrin inú rẹ̀, bí ẹ bá mọ orúkọ ẹnì kan nínú wọn, ẹ fi bírò kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò rẹ̀. Àwa tó lè sọ fún yín kò pọ̀ mọ́.